Ìròyìn Tí Màmá Kà Lẹ́ẹ̀mejì

Ọ̀rọ̀ tí Màmá, ìyá wa àgbà, bá mi sọ kẹ́yìn kì í ṣe ìwúre, kì í sì í ṣe ìdágbére. Ìbéèrè ni. Wọ́n yíjú sí mi lórí ibùsùn wọn nínú ilé wa lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, wọ́n ní, "Àníkẹ́, ṣé o ti lọ?" Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ara yín kọ́kọ́ mókun ná." Wọ́n pa ojú dé. Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, wọ́n dákẹ́. Mi ò tíì lọ.

Ibi tí wọ́n ní kí n lọ kò jìnnà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni, níbi tí mo ti ń ka ìròyìn nígbà náà ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n aládàáni kan. Màmá fẹ́ kí n padà jókòó síwájú kámẹ́rà, kí n sọ fún gbogbo ayé pé irọ́ ni mo kà fún wọn. Nítorí irọ́ yẹn, obìnrin aránṣọ kan tó ń jẹ́ Rísíkátù wà ní àhámọ́. Ọjọ́ tí Màmá kú gan-an ló di ọjọ́ kẹrìndínlógún tó ti wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá wa gbọ́ pé Màmá ti kú, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére kékeré kan tí a ó kà lórí afẹ́fẹ́, torí oníròyìn ni Màmá náà nígbà ayé wọn. Ìlà mẹ́fà ló fẹ́. Ó ní, "Má jẹ́ kó gùn, kí o sì fo ti Ìrẹsà." Èyí tí mò ń kọ yìí gùn, mi ò sì ní fo ti Ìrẹsà.

Dèbórà ni orúkọ tí àwọn òbí Màmá sọ wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ní Akẹ̀sán, Ìyá Oníròyìn ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ń túmọ̀ ìròyìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, tí wọ́n sì ń kà á lórí tẹlifíṣọ̀n. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, wọ́n ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ ò kúrò lára wọn. Bí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Màmá á wẹ̀, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á jókòó ṣánṣán bí ẹni pé ẹni tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n ń wo àwọn náà. Bí oníròyìn bá kí àwọn olùwòran pé ẹ káalẹ́, Màmá á dáhùn. Bó bá ṣi orúkọ ìlú kan pè, wọ́n á tún un pè fún un, wọ́n á wá dúró díẹ̀ kí ó lè gbọ́. Bàbá wa àgbà, ọkọ wọn, fi èyí ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bàbá á ní, "Ẹ wá wo ìyàwó mi, ó tún ń bá àpótí jà." Màmá kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ẹni tó bá fi ẹnu wọlé onílé, ó yẹ kó nu ẹnu náà kó tó wọlé."

Èyí tí àwọn ará ọjà kò lè gbàgbé ni ti ọ̀sán ọjọ́ kan tí ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù pé àwọn jàǹdùkú ń bọ̀ wá kó Akẹ̀sán, pé wọ́n ti wọ ìlú. Kí á tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti ń pa ìsọ̀ dé. Alátà kan da odidi agbọ̀n ata sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Màmá gbé àpótí ìjókòó wọn, ó di àárín gbùngbùn ọjà. Èmi ń fà wọ́n lápá, mo ní ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n ní kí n fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n ń dá àwọn tó ń sá kọjá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ìwọ, o rí wọn? Ta ló sọ fún ọ? Òun ńkọ́, òun rí wọn?" Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ẹ̀dá alààyè kan kò wá kó ọjà. Ìyá Sùbérù alábọ́, tó ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀, wá sílé wa pẹ̀lú ìbínú. Ó ní Màmá dójú ti òun láàárín ọjà, ṣebí òun fẹ́ gba ẹ̀mí là ni. Màmá fún un ní àga, wọ́n jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán, wọ́n wá ní, "Ẹnu ti pọ̀ sí i láyé ìsinsìnyí, Ìyá Sùbérù. Ojú ni kò pọ̀ sí i." Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi kí ara wọn.

Màmá fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ bí ìròyìn ṣe yí nígbà tí ayé yí. Láyé àwọn ológun, òǹtẹ̀ pupa ìjọba máa ń wà lórí ìwé ìròyìn tí wọ́n fẹ́ kà kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Èyí tí kò bá ní òǹtẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kà á. Ọ̀gá ológun ló ń ṣáájú nínú ìròyìn, ìyàwó rẹ̀ á tẹ̀lé e, àwọn tó kú sínú omíyalé á wà nísàlẹ̀ pátápátá bí àyè bá ṣẹ́kù. Kámẹ́rà tó dára kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ẹ̀yìn ọ̀gá ológun ló máa ń wà. Ìjọba alágbádá dé, òǹtẹ̀ lọ. Àwọn akọ̀ròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà lọ sí ọjà, sí ilé ìwòsàn, sí ibi tí àgbàrá ti gbé afárá lọ. Àwọn olùwòran ń pe fóònù sí sítúdíò, wọ́n ń bi gómìnà ní ìbéèrè. Màmá ní ọjọ́ tí ẹnì kan kọ́kọ́ bú ìjọba lórí fóònù báyìí, gbogbo àwọn tó wà ní sítúdíò ló yíjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń retí ṣọ́jà. Kò sí ṣọ́jà kankan. Wọ́n ní, "Ẹni tó gbé ìbẹ̀rù wá ti lọ, ó gbàgbé ẹrù rẹ̀ sọ́dọ̀ wa."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Ìrẹsà.

Ìrẹsà ni abúlé ìyá tó bí Màmá, lọ́nà oko Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò ìyá wọn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bàbá Àjàó. Iṣu oko Bàbá Àjàó ni wọ́n tà tí Màmá fi ka ìwé. Láyé àwọn ológun, ìjọba gba ilẹ̀ Ìrẹsà láti fi dá oko ńlá kan. Àwọn àgbẹ̀ márùn-ún kọ̀ jálẹ̀, Bàbá Àjàó ló sì ṣáájú wọn. Ìwé ìròyìn tó dé ọwọ́ Màmá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta tí wọ́n kọ̀ sọ ohun méjì: pé àwọn àgbẹ̀ Ìrẹsà fi tayọ̀tayọ̀ yọ̀ǹda ilẹ̀ wọn, àti pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ márùn-ún wà ní àhámọ́. Orúkọ àwọn márààrún wà níbẹ̀.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Màmá ń túmọ̀ lọ, wọ́n dé ibi orúkọ ẹni tó rán wọn nílé ìwé, wọ́n rí i lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọ̀daràn. Yorùbá ni gbogbo wa, ẹ mọ ohun tó ṣe wọ́n. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ kéde ìtìjú àbúrò ìyá rẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀? Wọ́n mú bíró, wọ́n fagi lé gbólóhùn náà tòun ti orúkọ márààrún, wọ́n sì ka èyí tó kù. Àánú ni wọ́n pe ohun tí wọ́n ṣe.

Àánú yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ìyàwó àwọn àgbẹ̀ márùn-ún náà ti ń wá ọkọ wọn kiri. Ká ní wọ́n gbọ́ pé àhámọ́ ni wọ́n wà, wọn ìbá mọ ibi tí wọn yóò lọ bẹ̀bẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu Màmá, ọmọ wọn, lórí tẹlifíṣọ̀n ni pé tayọ̀tayọ̀ ni gbogbo àgbẹ̀ fi yọ̀ǹda ilẹ̀. Abúlé rò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti yé àwọn: àwọn márùn-ún yìí ló ta ilẹ̀, wọ́n sì sá lọ. Oṣù mẹ́jọ ni Bàbá Àjàó fi wà ní àhámọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, ìyàwó wọn ti padà sílé baba rẹ̀, wọ́n sì ti ń pe àwọn ọmọ wọn ní ọmọ atalẹ̀ lójú ọ̀nà odò. Bàbá sọ pé àhámọ́ ni àwọn ti ń bọ̀, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Màmá lọ kúnlẹ̀, wọ́n jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá Àjàó kò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Dèbórà, ẹni tó mú mi fi orúkọ mi sínú ìwé. Ìwọ lo yọ ọ́ kúrò." Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá Màmá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọdún gorí ọdún. Ìjọba alágbádá dé, wọ́n ní àwọn yóò dá ilẹ̀ Ìrẹsà padà fún àwọn tó ni ín. Àwọn àgbà abúlé jókòó, wọ́n pín in, wọ́n fo ilé Àjàó àti ilé àwọn mẹ́rin yòókù, torí ẹni tó ti ta ilẹ̀ kì í tún padà wá gbà á. Wọ́n fún ẹni tó bá ní ohun tí yóò sọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá sáré lọ, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn làwọn mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Olórí àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Orí tẹlifíṣọ̀n la ti gbọ́ ọ. Ta ni yóò wá já tẹlifíṣọ̀n nírọ́?"

Màmá padà síbi iṣẹ́, wọ́n bẹ olóòtú ìròyìn pé kí ó jẹ́ kí àwọn tún ìròyìn náà ṣe lórí afẹ́fẹ́. Ó ní ilé iṣẹ́ kì í já ara rẹ̀ nírọ́, ó ní ológun ti lọ, kí wọ́n jẹ́ kí òkú sùn. Màmá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì ku ọjọ́ kan, wọ́n ka ìròyìn wọn tán, wọn ò kí àwọn olùwòran pé ó dàárọ̀. Bàbá àgbà ti gba ìròyìn ọjọ́ náà sórí kásẹ́ẹ̀tì, mo ti wò ó tó ìgbà mẹ́wàá. Màmá ṣí ojú wọn kúrò lára ìwé, wọ́n ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Láyé àwọn ológun, mo kà á fún yín pé àwọn àgbẹ̀ Ìrẹsà fi tayọ̀tayọ̀ yọ̀ǹda ilẹ̀ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn márùn-ún kọ̀, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé. Orúkọ wọn wà nínú ìwé tí wọ́n fún mi. Èmi ni mo fagi lé wọn, kò sẹ́ni tó rán mi. Orúkọ wọn nìyí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ náà, wọn ò kánjú. Nígbà tí wọ́n pe ìkẹta, ẹnì kan ń pariwo lẹ́yìn kámẹ́rà. Wọ́n pe ìkẹrin, ni àwòrán bá gé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá wọ mọ́tò lọ sí Ìrẹsà, wọ́n dúró níwájú ilé olórí àwọn àgbà, wọ́n sì pe orúkọ karùn-ún sókè. Ilé Àjàó àti ilé àwọn mẹ́rin yòókù gba ilẹ̀ wọn. Màmá ò ka ìròyìn mọ́ láyé wọn. Nígbà tí àìsàn dá Bàbá Àjàó gúnlẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe Màmá, wọ́n di ọwọ́ wọn mú, wọ́n ní, "O ṣe é. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kó pẹ́." Màmá máa ń sọ gbólóhùn méjèèjì fún wa, wọn kì í fi ìkejì pamọ́.

Ẹni tó gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré, ó yẹ kó gbọ́n. Mi ò gbọ́n.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ tèmi bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ̀hónú hàn ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí iná mànàmáná tí àdúgbò wọn ò rí. Èmi àti Dépò tó ń gbé kámẹ́rà wà láàárín wọn. Ẹnì kan sọ iná sí ọkọ̀ kan, ìbọn dún, gbogbo wa fọ́nká, Dépò sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń sáré, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ṣí díẹ̀, ọwọ́ kan yọ síta, ó fà mí wọlé. Rísíkátù nìyẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Àwa mẹ́sàn-án ló kó síbẹ̀: ọmọ ilé ìwé méje, bàbá arúgbó kan, àti èmi. Ó ní kí á sùn sílẹ̀ sábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ, òun fúnra rẹ̀ wá fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Mo pe Màmá níbẹ̀, mo ní, "Màmá, obìnrin kan gbà mí là." Màmá béèrè orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí n má gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá gbé ìwé ìròyìn lé mi lọ́wọ́: àwọn agbófinró ti mú aránṣọ kan tó fi àwọn jàǹdùkú pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Takie. Mo ní, "Ọ̀gá, èmi wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn." Ó ní, "Ìdí tí o ò fi lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ nìyẹn. Akọ̀ròyìn kì í di ìròyìn. Àbí o fẹ́ kí wọ́n wá ti ilé iṣẹ́ yìí pa?" Kò sí òǹtẹ̀ pupa lórí ìwé náà. Kò sí ṣọ́jà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kà á.

Èmi ni mo pe Màmá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, torí wọn ò pè mí. Wọ́n ní, "Ṣé obìnrin àná nìyẹn?" Mo ní òun ni. Wọ́n ní, "Ìwọ náà wà lára àwọn jàǹdùkú rẹ̀ nìyẹn." Wọ́n pa fóònù.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti dé Ọ̀yọ́ láti ibi iṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí n sọ báàgì kalẹ̀ kí wọ́n tó béèrè bóyá mo ti lọ tún un ṣe. Mo ní mò ń wá ọ̀nà. Mo ní kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ rọlẹ̀. Ní ọjọ́ kan tó sú mi, mo sọ ohun tí mi ò tíì dárí rẹ̀ ji ara mi. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, ọdún mélòó ló gbà yín kí ẹ tó sọ ti Ìrẹsà?" Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn ní, "Ìdí tí mo fi ń lé ọ nìyẹn, ọmọ mi. Mo mọ ohun tí ọdún wọ̀nyẹn bàjẹ́." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àìsàn gbé wọn dè.

A sin wọ́n ní Ọjọ́rú. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Láàárín ẹkún náà, mo rò ó lọ́kàn pé kò sẹ́ni tí yóò béèrè lọ́wọ́ mi mọ́. Mo lè dákẹ́, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Ara tù mí fún ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rù ara mi wá bà mí.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi ló kan láti ka ìròyìn aago kan ọ̀sán. Ìlà mẹ́fà tí ọ̀gá ní kí n kà fún Màmá wà nísàlẹ̀ ìwé. Mi ò kà á. Mo gbé ìwé sílẹ̀, mo tẹjú mọ́ kámẹ́rà. Mo ní Rísíkátù aránṣọ kò fi jàǹdùkú kankan pamọ́. Mo ní ọmọ ilé ìwé méje, bàbá arúgbó kan àti èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni ó fi pamọ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ka òdìkejì rẹ̀. Ọ̀gá ti já wọlé. Wọ́n gé wa lórí afẹ́fẹ́ bí wọ́n ṣe gé Màmá, àmọ́ ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn: Dépò ti na fóònù rẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó ń gbé e lọ tààrà sórí ayélujára, àwọn tó ń wò wá lórí fóònù sì gbọ́ ọ dé òpin. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dé Takie, ó ti dé Akẹ̀sán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn òbí àwọn ọmọ méje náà mú ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n lọ bá àwọn agbófinró. Ọ̀gá lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n tó ti wà ní àhámọ́ ni Rísíkátù jáde. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù, ó sì ń gbá èérún gíláàsì jọ nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní kó má bínú. Ó ní kí n dìde, kí gíláàsì má gún mi lórúnkún. Kò sí tẹlifíṣọ̀n níbi tí wọ́n fi í sí, torí náà kò gbọ́ ohun tí mo kọ́kọ́ kà. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ara ògiri.

Ó ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún wọn pé ọmọ tẹlifíṣọ̀n kan wà pẹ̀lú wa níbẹ̀. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n ṣáà ní sùúrù, pé ẹ̀ ń bọ̀."